Lẹ́ǹsì Bàbá Oríọlá àti Kámẹ́rà Mi

Àbámẹ́ta, 16 Nòfẹ́ńbà 2024. Oǹdó

Ọjọ́ ìdìbò gómìnà. Ọkọ̀ ò rìn, ọ̀kadà ò rìn, nítorí náà àná ni mo ti wá sùn sílé bàbá mi, Bàbá Oríọlá, torí wọ́ọ̀dù wọn ni orúkọ mi ṣì wà. Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ síbi àpótí ìbò, èmi, Bàbá, àti Àǹtí Ọmọ́tọ́lá, àbúrò Bàbá tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé. Oòrùn ti ń mú láti àárọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń kí Bàbá, "Bàbá Má-Mí, ẹ kú ìjáde o!" Orúkọ tí ìlú sọ wọ́n nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, torí Bàbá kì í tẹ kámẹ́rà láìkọ́kọ́ pariwo mọ́ oníbàárà pé, "Má mí o!"

Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin tó ń yẹ káàdì wò gba ti Bàbá. Ó wo káàdì, ó wo Bàbá, ó tún wo káàdì. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, ṣé ẹ̀yin náà lẹ wà nínú fọ́tò yìí?" Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, títí mo fi gba káàdì ọ̀hún tí mo wò ó. Ojú Bàbá rí bí ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ewúrẹ́ eléwúrẹ́.

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi. Bàbá tó ya gbogbo Oǹdó fún ogójì ọdún, fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní láyé nìyẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mo ṣí àpótí fọ́tò ilé wa. Ọjọ́ ìsàmì mi wà níbẹ̀, ọjọ́ tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, ọjọ́ tí Màámi ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá ò sí nínú ìkankan, torí àwọn ló di kámẹ́rà mú. Òjìji wọn nìkan ló wà. Wọ́n máa ń kẹ̀yìn sí oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí wa lójú, òjìji wọn a wá nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa, orí kan àti ìgbọ̀nwọ́ méjì. Tí wọ́n bá fọ fọ́tò náà tán, wọ́n á pòṣé: "Àṣìṣe gbáà!"

Bàbá á pé ọgọ́rin ọdún ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Jánúárì. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí, kí n yéé tan ara mi: ẹ̀rù ń bà mí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó máa wá fọ́tò wọn kiri, tí kò ní sí nǹkan tí a ó gbé síta ju ti káàdì ìdìbò lọ. Màámi ti lọ lọ́dún méje sẹ́yìn, ṣùgbọ́n fọ́tò wọn tó wà lára ògiri, tí Bàbá yà kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn, ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀.

Mo yọ fóònù mi, mo ní kí n ya Bàbá. Wọ́n fi ọwọ́ bojú bí ìyàwó tuntun. "Ẹ̀rọ yẹn ló ríran, kì í ṣe ùwọ." Wọ́n wá na ọwọ́ sísàlẹ̀ àpótí, wọ́n mú nǹkan kan tí wọ́n fi áńkáṣíìfù wé jáde. Lẹ́ǹsì wọn ni, lẹ́ǹsì àádọ́ta mìlímítà tí wọ́n rà ní 1974, òun gan-an ni wọ́n fi ya Màámi. Kámẹ́rà rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́. Lẹ́ǹsì ṣì wà, ó wúwo bí ọmọ ọlọ, àfi pé nǹkan funfun ti hù nínú dígí rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn.

Bàbá ní, "Ẹni tó bá fẹ́ yà mí, kó fi èyí yà mí. Kó fi ọghọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ gan-an, yí i títí á fi rí ojú mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni n óò jókòó o, Bọ́látitó. Mi ò ní jókòó lẹ́ẹ̀kejì."

Mo ní, "Ó dáa, Bàbá." Bí ẹni pé mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Àìkú, 17 Nòfẹ́ńbà. Àkúrẹ́

Mo padà délé. Mo ròyìn fún Táyọ̀, ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ife omi sílẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tó o gé orí pásítọ̀ kúrò nínú fọ́tò ìkómọ?" Òótọ́ ni.

Ọjọ́rú, 20 Nòfẹ́ńbà

Wọn ò fún wa níná ní ọ́fíìsì ní Alágbàká láti àárọ̀. Mo jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú fóònù mi, mo kàwé nípa kámẹ́rà títí bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ohun tó yé mi ni pé kámẹ́rà ayé ìsinsìnyí tí wọ́n ń pè ní mírọ́lẹ́ẹ̀sì kò ní dígí tó ń ṣí tó ń pa nínú, inú rẹ̀ ò jìn, torí náà lẹ́ǹsì àtijọ́ èyíkéyìí lè bá a gbé, béèyàn bá ti rí òrùka tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀. Bí o bá sì ṣe ń yí lẹ́ǹsì lo ó máa rí bí ohun tí ò ń yà ṣe ń mọ́ lójú ẹ̀rọ. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ọ̀nà àbùjá.

Àbámẹ́ta, 23 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ bá Àlíù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Arákálẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, ó sì ń ta kámẹ́rà àlòkù. Òun ló ya ìgbéyàwó àbúrò Táyọ̀. Kámẹ́rà tuntun tó kọ́kọ́ gbé síwájú mi, mílíọ̀nù kan àti díẹ̀. Mo rọra fi ọwọ́ tì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kó má lọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́. Ó wò mí títí.

"Àǹtí, kámẹ́rà yìí máa ń wá ojú èèyàn fúnra ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti rí i. Ẹ wá fẹ́ rà á, kẹ́ ẹ sì ní kó má wá a mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Áà! Ẹ ra jẹnẹrétọ̀ tán, ẹ wá ń fi àtùpà kàwé."

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ̀rọ̀ Bàbá fún un, ó dá kámẹ́rà tuntun yẹn padà sórí pẹpẹ. Ó ní bàbá tòun náà ò ní fọ́tò kankan títí tó fi lọ. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé dúdú kékeré kan jáde, àlòkù, ojú ọgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀. Ó ní ₦390,000. Mo ní ₦300,000. Ó ní kí n kí wọn nílé. Mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà, ó pè mí padà. A parí ẹ̀ sí ₦365,000, òun náà á sì bá mi wá òrùka láti Èkó. "No shaking, Àǹtí mi. Ẹ ti ní mi."

Ẹtì, 29 Nòfẹ́ńbà

Àjọ ọ́fíìsì kàn mí lóṣù yìí. Mo ra kámẹ́rà! Mo gbé e délé, mo gbé e sórí tábìlì, èmi àti Táyọ̀ dúró tì í. Táyọ̀ ní ṣé ọjọ́ kẹjọ la máa sọ ọ́ lórúkọ.

Àìkú, 1 Dìsẹ́ńbà

Kámẹ́rà wà ní Àkúrẹ́, lẹ́ǹsì wà ní Oǹdó, òrùka wà ní Èkó. Mo ní ìkòkò, iṣu wà lóko, iná wà nílé aládùúgbò.

Ọjọ́bọ̀, 5 Dìsẹ́ńbà

Òrùka dé! Dírẹ́bà ló gbé e wá sí gáréèjì, ó fi bébà ìwé ìròyìn wé e. Mo ti rò pé nǹkan ńlá ni. Kò ju ìdérí ìgò oyin lọ.

Àbámẹ́ta, 7 Dìsẹ́ńbà. Oǹdó

Ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀ ni wọ́n gbé wa báyìí láti Àkúrẹ́, wọ́n sì tún fún wa mọ́ra bí ẹja inú agolo. Nígbà tí mo dé, Bàbá wà lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n sá kòkó sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù fọ́tò pa, oko kòkó ni wọ́n gbájú mọ́. Lẹ́ǹsì jókòó láàárín kòkó lórí áńkáṣíìfù rẹ̀ bí ìjòyè.

Bàbá ní, "Ọ̀rinrin ló mú un. Oòrùn ni oògùn ọ̀rinrin, kòkó ni o, lẹ́ǹsì ni o." Wọ́n ti kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, torí dígí tó bá kojú oòrùn tààrà lè dáná sun kòkó. Bí wọ́n bá ti da kòkó síta láàárọ̀, lẹ́ǹsì náà á jáde. Bí wọ́n bá kó kòkó wọlé, òun náà á wọlé. Àǹtí Ọmọ́tọ́lá ní àlejò tí kì í wẹ̀, tí kì í jẹun, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbé síta gbé wọlé lójoojúmọ́, òun ò rí irú ẹ̀ rí.

Bàbá fi sùkúdíráfà kékeré tí wọ́n fi ń tún jígí ojú ṣe tú u. Wọ́n fi òwú àti sípíríìtì nu dígí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá. Wọ́n tò ó padà, a yí i wọ inú òrùka, a fi òrùka sí kámẹ́rà. Mo tan kámẹ́rà. Ó kọ ọ́ síwájú mi pé kò sí lẹ́ǹsì. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn.

Bàbá tẹ orí ba, wọ́n bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀: "Kò sí lẹ́ǹsì? Èyí tó wà lójú rẹ ńkọ́? Ó ti wà láyé kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe ọ́!"

Mo pe Àlíù. Ẹ̀rín pa á lórí fóònù. Ó ní kámẹ́rà ò mọ̀ pé lẹ́ǹsì wà níbẹ̀, torí lẹ́ǹsì àtijọ́ kì í bá a sọ̀rọ̀. Ó júwe ibi tí mo máa wọ̀ láti sọ fún un pé kó máa ya fọ́tò bí kò tilẹ̀ rí lẹ́ǹsì. Ó tún ní kí n tan èyí tó ń fi ìlà pupa sí etí ohunkóhun tó bá ti hàn kedere lójú lẹ́ǹsì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ké: ṣà! Àǹtí pàtẹ́wọ́.

Adìyẹ ni mo kọ́kọ́ yà. Bàbá wò ó. "Ìdí adìyẹ lo rí. Orí ẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n wá kọ́ mi. "Má dúró níbi tí o bá ti rò pé o rí i. Yí i kọjá, kí gbogbo ẹ̀ tún bàjẹ́, kí o wá padà. Ẹni tí kò bá kọjá ojú, kò lè mọ ibi tí ojú wà. Nígbà tó o bá dé ibẹ̀, má mí. Ṣé o rò pé oníbàárà nìkan ni mò ń pariwo mọ́ ni? Ara mi ni mò ń sọ fún."

Mi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi gbọ́ ariwo yẹn.

Òwú aláǹtakùn yẹn ò tíì tán. Tí mo bá kọjú lẹ́ǹsì sí ìmọ́lẹ̀, gbogbo fọ́tò á funfun bí ìgbà tí ìkúùkù bá bolẹ̀. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀ fún oòrùn ọ̀sẹ̀ kan sí i. Mo fi í sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 14 Dìsẹ́ńbà. Àkúrẹ́

Mi ò bá má ti fi í sílẹ̀.

Àǹtí Ọmọ́tọ́lá pè mí láàárọ̀. Lánàá, nígbà tí Bàbá wà lóko, òjò tí ẹnikẹ́ni ò retí ṣú ní Oǹdó. Òjò inú Dìsẹ́ńbà! Àǹtí sáré síta pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti abọ́, wọ́n gbá gbogbo kòkó sínú àpò kó tó rọ̀. Ọmọ́níyì tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀ yìí Bàbá wá lẹ́ǹsì, áńkáṣíìfù ni wọ́n rí, tó tutù bọ̀ǹbọ̀.

"Bọ́látitó, mo gbá a mọ́ kòkó ni. Mo sọ fún ẹ, mo gbá a mọ́ ọn ni. Yé, ọghọ́ mi!"

Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún Bàbá. Bàbá ní, "Ó ti lọ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì. Táyọ̀ ní a lè ra òmíràn. Mo ní kì í ṣe òmíràn ló ya Màámi. Ó jókòó tì mí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ajé, 16 Dìsẹ́ńbà

Jẹ́ n rọra kọ èyí, torí ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu mi.

Mo tọrọ àyè ní ọ́fíìsì, mo gbé kámẹ́rà sínú báàgì, mo lọ wá lẹ́ǹsì náà ní sítọ́ọ̀ kòkó Ọmọ́níyì lójú ọ̀nà tó lọ sí Oǹdó. Òórùn kòkó ti pàdé mi kí n tó bọ́ lórí ọ̀kadà. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì kún ilé. Mo kí i, mo ní ọmọ Bàbá Oríọlá ni mí. Kò jẹ́ kí n parí.

"Ẹ̀ẹ́n! Ìwọ ni mo ń wá!"

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé lẹ́ǹsì Bàbá kalẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀gá tó wá yẹ kòkó wò láàárọ̀ ló ti irin ṣóṣóró bọ àpò, irin náà sì dún kọ́! Wọ́n tú àpò náà síta lójú gbogbo àwọn alágbàṣe.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ra kòkó. Mo ti rí òkúta nínú àpò. Mo ti rí iyanrìn. Bàbá tí mo fi ọkàn tán ló wá fi irin sí kòkó kó lè wúwo! Bàbá tó ya ìgbéyàwó bàbá mi!"

"Ẹ má bínú sà. Lẹ́ǹsì ni. Wọ́n sá a sóòrùn ni."

"Lẹ́ǹsì! Ṣé lẹ́ǹsì ń so lórí igi kòkó lóko yín ni?"

Inú bí mi nígbà náà. Wọ́n lè pe Bàbá ní aláìgbọràn, wọ́n lè pè wọ́n ní olórí kunkun, èmi gan-an máa ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè pè wọ́n ní oníjìbìtì níṣojú mi. Mo ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan péré, sà." Mo gbé lẹ́ǹsì náà, mo fi etí aṣọ mi nù ún, mo fẹ́ eruku kòkó kúrò lára rẹ̀, mo yí i mọ́ kámẹ́rà. Mo ní kó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ó dúró síbẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí irọ́ kejì. Ìbínú dára fún fọ́tò o: kì í jẹ́ kéèyàn mì. Mo yí lẹ́ǹsì kọjá ojú rẹ̀, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́, mo padà. Ìlà pupa kọ́kọ́ wà létí rẹ̀, ó rìn lọ sí ìmú, ó bà lé ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì. Mi ò mí. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo gbé e fún un. Ó wò ó. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Àwọn alágbàṣe ti yí wa ká.

"Èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Mo dára tó báyìí?" Ó yíjú sí ọ̀kan nínú wọn. "O ò sọ fún mi rí!"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe Bàbá lórí fóònù níwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ sítọ́ọ̀ bí ẹni pé Bàbá ń wò ó. Mo ṣèlérí fọ́tò náà fún un nínú férémù. Irin ti fi ojú ọgbẹ́ kékeré kan sí etí lẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n kò kan dígí. Ó ń rùn bí kòkó. Àti pé òwú aláǹtakùn yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán!

Ìṣẹ́gun, 17 Dìsẹ́ńbà

Mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún Bàbá lórí fóònù, títí kan ibi tí wọ́n ti pè wọ́n ní oníjìbìtì. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú. Wọ́n ní, "Fọ́tò tó o yà, ṣé ojú ẹ̀ mọ́ ṣá?"

Ọjọ́rú, 25 Dìsẹ́ńbà

Ọdún Kérésì. Bẹntiróòlù ti wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn ò rìnrìn-àjò, àdúgbò kún. Mò ń ya gbogbo ohun tó bá ń mí. Ọmọdé ò dúró, ewúrẹ́ ò dúró, ìyá ìyàwó aládùúgbò wa náà ò dúró. Táyọ̀ nìkan ló ń dúró, ìgbà tó bá sùn. Mo ti ní fọ́tò Táyọ̀ tó sùn lóríṣiríṣi, ẹnu rẹ̀ là nínú gbogbo wọn, ojú wọn sì mọ́ kedere. Ó ní òun á gbé mi lọ sílé ẹjọ́.

Ọjọ́rú, 1 Jánúárì 2025

Ọyẹ́ mú. Ètè mi là, mo fi fasilín-ìn pa á, mo wá fi ìka kan náà kan dígí lẹ́ǹsì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ọdún nìyẹn, mò ń nu ọ̀rá.

Àbámẹ́ta, 11 Jánúárì. Oǹdó

Bàbá wo gbogbo fọ́tò mi, wọ́n wọ jígí, wọ́n ń fi ìka tì wọ́n kọjá. "Èyí, etí lo rí. Èyí, o mí. Èyí, o ò kọjá kó o tó padà." Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ọmọ́níyì, wọ́n dúró. Wọ́n wò ó pẹ́. "N óò jókòó," ni wọ́n sọ, wọ́n sì lọ wo adìyẹ wọn.

Àǹtí tẹ́nu bọ̀ mí létí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá ti lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ìṣẹ́gun, 14 Jánúárì. Àkúrẹ́

Ọyẹ́ ti fún Bàbá níkọ́. Àǹtí ní wọn ò sùn lóru àná. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá.

Ẹtì, 17 Jánúárì. Oǹdó

Ikọ́ ti ń lọ. Wọ́n jẹ iyán lálẹ́, wọ́n sì tún bu sí i. Mo ti nu lẹ́ǹsì débi pé ó máa tó sọ̀rọ̀.

Àbámẹ́ta, 18 Jánúárì

Bàbá pé ọgọ́rin ọdún. Bí oòrùn ṣe yọ ni wọ́n ti kọjú mọ́ iṣẹ́: wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fọ́tò àtijọ́ tó dojú kọ títì, wọ́n gbé àpótí ìjókòó àwọn oníbàárà síta, wọ́n wo ibi tí oòrùn wà, wọ́n gbé e síbí, wọ́n gbé e sọ́hùn-ún. Wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, wọ́n dé fìlà tí Màámi rà fún wọn. Àwọn ará àdúgbò ti pé. Wọ́n ní ọgọ́rin ọdún Bàbá kọ́ làwọn wá wò, Bàbá níwájú kámẹ́rà làwọn wá wò.

Bàbá jókòó. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n di ẹnu pọ̀, bí wọ́n ṣe ń ní kí gbogbo èèyàn ṣe láyé ọjọ́un. Mo kẹ̀yìn sí oòrùn. Mo yí lẹ́ǹsì. Fìlà ló kọ́kọ́ mọ́, lẹ́yìn náà irùngbọ̀n. Mo kọjá, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́, mo padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlà pupa bà lé ojú wọn, ó kúrò, ó tún bà. Gbogbo àdúgbò na ọrùn. Mi ò mọ̀ pé mo máa sọ ọ́, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ohùn mi pariwo:

"Má mí o!"

Gbogbo títì bú. Ẹnu tí Bàbá ti dì pọ̀ já, ẹ̀rín bọ́ síta, ibi tí eyín ti yọ níwájú hàn, ojú wọn kéré, ó sì ń tàn. Mo tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n dìde lójú ẹsẹ̀. "Ó parí." Mo fẹ́ fi hàn wọ́n lójú kámẹ́rà, wọ́n kọ̀. "Fọ́tò kì í ṣe fọ́tò títí yóò fi dé orí bébà." Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo fa fọ́tò náà tóbi. Ó mọ́. Mo lè ka irun ìpéǹpéjú wọn. Mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú mi, mo jáde lọ jẹ mọ́ínmọ́ín.

Ìṣẹ́gun, 21 Jánúárì. Àkúrẹ́

Mo gbé fọ́tò lọ fún Àlíù kó bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Nígbà tó ṣí i lójú kọ̀ǹpútà ńlá, ó ní, "Àǹtí, ẹ wo ìsàlẹ̀." Òjìji mi! Ó nà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Bàbá, orí kan àti ìgbọ̀nwọ́ méjì. Ojú wọn ni mo ń wò ṣáá, mi ò wo ilẹ̀.

Àṣìṣe tí Bàbá kórìíra jù láyé, nínú fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n jókòó fún. Àlíù ní kí n fọkàn balẹ̀, òun á yọ ọ́. Ó yọ ọ́ lóòótọ́, èèyàn ò lè mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí. Ó tẹ méjèèjì fún mi. Mo fi èyí tó mọ́ sínú férémù, mo ti èkejì bọ inú báàgì.

Àbámẹ́ta, 25 Jánúárì. Oǹdó

Mo gbé férémù fún Bàbá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àǹtí Ọmọ́tọ́lá wò ó láti ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bàbá wọ jígí. Wọ́n wo ojú ara wọn, ó pẹ́. Wọ́n fi ìka kan ibi tí eyín ti yọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà náà ni ìka wọn rọra sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá orúnkún, ó dé ilẹ̀, ó dúró.

"Bọ́látitó, ẹ̀yìn rẹ ni oòrùn wà lọ́jọ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Òjìji rẹ dà?"

Mi ò rí irọ́ pa. Mo ní àṣìṣe ni, Àlíù ti bá mi yọ ọ́. Wọ́n na ọwọ́. Mo yọ èkejì nínú báàgì, mo gbé e fún wọn, mo ń retí òṣé. Wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n wo òjìji yẹn ju bí wọ́n ṣe wo ojú ara wọn lọ.

"Tèmi wà lẹ́sẹ̀ yín nínú gbogbo fọ́tò ilé yìí," wọ́n ní. "Ta ló ní kí tìrẹ má wà lẹ́sẹ̀ mi?"

Bàbá fúnra wọn ló tú férémù, wọ́n yọ èyí tó mọ́, wọ́n fi ti òjìji síbẹ̀. Wọ́n ní kí Àǹtí mú ìṣó wá. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi, wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n tún un ṣe kó lè dọ́gba.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbé àpótí ìjókòó síta, wọ́n wo ibi tí oòrùn wà, wọ́n jókòó.

"Kámẹ́rà dà?"